Alágbàwí fún Ẹni tí Kò ní Owó: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Clarence Gideon

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń lò lójoojúmọ́ tí a kì í sábà dúró láti tú wò. Ọ̀rọ̀ náà ni agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kò ní ìwé-ẹ̀rí òfin, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní ẹjọ́ ni ó mọ̀ ọ́n rò. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú baálé tàbí ọba, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo a máa wá ẹbí tàbí àgbà kan tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n sì wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni èyí: bí ìjọba bá pe ènìyàn lẹ́jọ́, tí ìjọba ní amòfin tirẹ̀ tí ó ń gba owó oṣù, tí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò sì ní kọ́bọ̀ tí yóò fi gba agbẹjọ́rò, ǹjẹ́ a lè wí pé adájọ́ ti gbọ́ ẹnu ẹni méjì?

A kò mọ ẹjọ́ tí ó fi ìdáhùn ìbéèrè yìí hàn kedere tó ẹjọ́ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clarence Earl Gideon. Kì í ṣe ènìyàn pàtàkì. Ìlú Hannibal ní ìpínlẹ̀ Missouri ni a bí i sí ní ọdún 1910. Kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹjọ. Ó sì ti ṣe ẹ̀wọ̀n nígbà mélòó kan kí ọ̀ràn tí a ń sọ yìí tó dé. A sọ èyí ní gbangba, nítorí àṣà àwọn tí ń pa ìtàn ni láti sọ ẹni tí a fi ìyà jẹ di ẹni mímọ́. Gideon kì í ṣe ẹni mímọ́, òfin kò sì béèrè pé kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1961, ẹnìkan fọ́ ilé ayò kan ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Panama City, ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ta ayò orí tábìlì tí wọ́n sì ń mu ọtí. A já ẹ̀rọ tí ń ta sìgá àti ẹ̀rọ orin, a kó owó wẹ́wẹ́ inú wọn, a sì gbé ìgò ọtí mélòó kan lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá jẹ́rìí pé ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀, òun rí Gideon tí ó jáde láti inú ilé náà, ìgò wáìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó wẹ́wẹ́ sì kún àpò rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ọlọ́pàá fi mú Gideon.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, a mú un dé iwájú adájọ́ Robert McCrary. Gideon wí pé òun kò tíì múra tán, nítorí òun kò ní agbẹjọ́rò, ó sì bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó yan ọ̀kan fún òun. Adájọ́ dá a lóhùn pé ó dun òun, ṣùgbọ́n òfin Florida kò gba òun láàyè láti yan agbẹjọ́rò fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ lè já sí ikú. Gideon takú. Ó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wí pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ní òtítọ́, ilé-ẹjọ́ náà kò tíì wí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ òfin yìí fi ohun tí ó lé ní ọdún kan àti ààbọ̀ ṣáájú òfin.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di agbẹjọ́rò ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ náà, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ni ó máa ń pinnu ẹ̀bi tàbí àre. Ní Florida, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Gideon dìde bá àwọn mẹ́fà náà sọ̀rọ̀, ó bi àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ó sì wí títí dé òpin pé òun kò mọ ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ó sa ipá ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n dá a lẹ́bi, adájọ́ sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ìkà ni adájọ́ McCrary. Òfin tí ó bá nílẹ̀ ni ó tẹ̀lé, ó sì yẹ kí a mọ bí òfin náà ti rí. Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kẹfà sí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti ní agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ìtumọ̀ tí a fún un kò ju pé kí a má ṣe lé agbẹjọ́rò rẹ̀ jáde bí ó bá lè mú ọ̀kan wá. Àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó sì dè, kò de ti àwọn ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, a mú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ojú-irin ní Alabama, a sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fi ipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun méjì lò. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìgbẹ́jọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Scottsboro. Adájọ́ ibẹ̀ yan gbogbo àwọn agbẹjọ́rò ìlú náà pọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ tí a sì fi lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, a mọ ẹni tí í ṣe é. A dá mẹ́jọ nínú wọn lẹ́jọ́ ikú. Ní 1932, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì wí pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ lè já sí ikú, tí kò ní owó tí kò sì lè rojọ́ ara rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yan agbẹjọ́rò fún un ní tòótọ́, kì í ṣe ní orúkọ lásán. Ṣùgbọ́n ní 1942, nígbà tí alágbàṣe oko kan ní Maryland tí a fi ẹ̀sùn olè kàn béèrè ohun kan náà, ilé-ẹjọ́ yìí kọ̀ fún un. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ó nílò rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ náà kò fara mọ́ ọn. Hugo Black ni ó kọ èrò wọn sílẹ̀. Kí a má ṣe gbàgbé orúkọ yìí.

Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, Gideon mú pẹ́ńsù, ó sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington lórí ìwé tí a ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó dé ọ̀hún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962. Ẹ̀yin olùkọ́ ì bá fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí akọtọ́ rẹ̀ kò gún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gún: wọ́n gbẹ́jọ́ òun láìsí agbẹjọ́rò, òun sì béèrè fún un, wọn kò fi fún òun. Ilé-ẹjọ́ gbà láti gbọ́ ọ. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé kò ní owó níwájú ilé-ẹjọ́ yìí pẹ̀lú, wọ́n yan Abe Fortas fún un, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tí ó lókìkí jùlọ ní Washington, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ di adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kan náà ní 1965. Ẹ wo bí ọ̀ràn ayé ti rí: ẹni tí a kò fún ní agbẹjọ́rò kékeré kan ní ìlú rẹ̀ wá ní irú èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń du ara wọn lé lórí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a dúró lé. Ìjọba Florida kọ ìwé sí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbè é lẹ́yìn níwájú ilé-ẹjọ́, nítorí ọ̀ràn náà kan ẹ̀tọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ láti ṣe ilé-ẹjọ́ wọn bí ó ti wù wọ́n. Méjì péré ni ó gbè é, Alabama àti North Carolina. Àwọn méjìlélógún míràn kọ ìwé sí ilé-ẹjọ́ pé ti Gideon ni àwọn ń ṣe. Àwọn tí ó jẹ́ olùpẹ̀jọ́ ní ìpínlẹ̀ wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ọ̀daràn jẹ̀bi, ni ó ń wí pé kí a fún ọ̀daràn ní agbẹjọ́rò. A rò pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó ti ń pe ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́ mọ̀ bí ó ti rọrùn tó láti borí ẹni tí kò ní olùgbèjà, ó sì mọ̀ pé irú ìborí bẹ́ẹ̀ kò fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a mú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1963, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ohùn ṣọ̀kan. Hugo Black, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú ní 1942, ni a ní kí ó kọ ìdájọ́ náà. Ìrònú rẹ̀ lọ báyìí: ìjọba ń ná owó púpọ̀ láti gba amòfin tí yóò pe ẹjọ́, ẹni tí ó sì ní owó, bí a bá fi ẹ̀sùn kàn án, kò jẹ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ láìmú agbẹjọ́rò dání. Bí ó bá jẹ́ pé apá méjèèjì tí ó ní owó gbà pé kò ṣeé ṣe láìsí agbẹjọ́rò, báwo ni a ó ṣe wí pé nǹkan afẹ́ ni fún tálákà? Láti ọjọ́ náà, ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́jọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn, tí kò ní owó agbẹjọ́rò, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yan ọ̀kan fún un. Ní 1972, a fà á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀sùn kéékèèké pẹ̀lú, bí ó bá ti lè mú ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Ìdájọ́ yìí kò dá Gideon sílẹ̀. A ní kí a tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ni. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà, kí ẹ jọ̀wọ́ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ìgbẹ́jọ́ kejì bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kan náà ni. Adájọ́ McCrary náà ni ó jókòó. Ẹ̀sùn náà kò yí padà, ọ̀dọ́mọkùnrin àná náà sì ni olórí ẹlẹ́rìí. Ará ìlú mẹ́fà ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ìgbìmọ̀, W. Fred Turner, agbẹjọ́rò ìlú náà, sì jókòó ti Gideon. Gideon fúnra rẹ̀ ni ó béèrè rẹ̀, ẹni tí ó mọ ìlú àti àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni a ń sanwó fún lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Turner kò fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe é. Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó lọ wádìí, ó bá àwọn tí ọ̀ràn kàn sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí pé òun ń wo Gideon láti ìgbà tí ó ti jáde nínú ilé ayò, tí ó lọ síbi tẹlifóònù, títí takisí fi wá gbé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Turner bi awakọ̀ takisí náà léèrè ohun tí Gideon gbé lọ́wọ́ nígbà tí ó wọ ọkọ̀. Awakọ̀ ní kò gbé ìgò kankan. Níbo ni ọtí tí a jí wá wọlé sí?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ní ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, awakọ̀ yìí ti jẹ́rìí pé Gideon ní kí òun má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e. Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọ̀rọ̀ olè, Gideon kò sì bi í ní ìbéèrè kankan lórí rẹ̀. Ó jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Turner bi í: ǹjẹ́ Gideon ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún un rí? Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Gideon a máa sọ bẹ́ẹ̀ nítorí wàhálà tí ó ní pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìbéèrè kan péré, ẹ̀rí tí ó ti ran ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lọ́wọ́ sì di ọ̀ràn tọkọtaya. Lẹ́yìn èyí, Turner gbé e síwájú ìgbìmọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rìí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wọlé lọ jí ọtí. Ìgbìmọ̀ náà wọlé lọ jíròrò, wọ́n lo nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n sì dá Gideon láre. Ọdún méjì ni ó ti lò ní àtìmọ́lé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni agbẹjọ́rò fi kún ẹjọ́, a ó fi ìgbẹ́jọ́ méjèèjì lé e lọ́wọ́ kí ó fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn ìbéèrè tí Turner béèrè kò le. Ọmọ ilé-ìwé lè béèrè wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tì mọ́lé kò lè lọ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó fà á. Ẹni tí kò sì kọ́ iṣẹ́ náà kò mọ̀ pé ẹ̀rí tí ó burú gan-an ni ó yẹ kí òun dìde sí.

Ní ọdún 1963 náà, Florida ṣe òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò aláìní sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà, owó ìjọba ni a sì fi ń ná an. Bí 2,000 ẹlẹ́wọ̀n ni a dá sílẹ̀ ní Florida nìkan nítorí pé a gbẹ́jọ́ wọn láìsí agbẹjọ́rò. Kì í ṣe Florida ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Clara Foltz, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní California, ti gbé ìmọ̀ràn náà kalẹ̀ ní Chicago ní 1893, pé bí ìjọba ti ń gba olùpẹ̀jọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ó gba olùgbèjà. Los Angeles sì ṣí ti wọn ní 1914.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé: èé ṣe tí a ó fi owó-orí àwọn ènìyàn rere gba agbẹjọ́rò fún olè? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Owó-orí kan náà ni a fi gba ọlọ́pàá tí ó mú un, amòfin tí ó pè é lẹ́jọ́, adájọ́ tí ó dá a, àti wọ́dà tí ó tì í mọ́lé. Bí ó bá ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tí kì í sì í ṣe òun ni ó jalè, àwa náà ni a ń bọ́ ọ ní ọdún márààrún, olè gan-an sì wà láàárín wa. Ẹ sì kíyè sí i pé kí a tó gbọ́ ẹjọ́ tán, a kò mọ̀ bóyá olè ni. Ìdí tí a fi ń gbẹ́jọ́ nìyí.

Èyí tí ó le jù ni owó fúnra rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí agbẹjọ́rò wà, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ni ó ní àpò. Ní Missouri, níbi tí a ti bí Gideon, ẹjọ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn agbẹjọ́rò aláìní tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà fi gbà ní 2012 pé wọ́n lè kọ ẹjọ́ tuntun bí ẹrù bá ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Agbẹjọ́rò tí ó kọ́kọ́ rí oníbàárà rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ kò lè ṣe ohun tí Turner ṣe. Ó wà ní orúkọ, bí ti àwọn agbẹjọ́rò Scottsboro.

Ní ti ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, ní abala 36, wí pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lè gbèjà ara rẹ̀ tàbí kí ó lo agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kò wí pé ìjọba yóò san owó rẹ̀. Ní èyí, ó jọ òfin Amẹ́ríkà ṣáájú Gideon. Òfin mìíràn ni ó gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Ní 1976, ìjọba ológun fi Òfin 56 dá Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Legal Aid Council. Òfin ọdún 2011 sì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jùlọ tí ìjọba fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni òfin náà kọ́kọ́ wò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, Office of the Public Defender, tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìní. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni a kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Gideon dúró ní oṣù méjì kí a tó gbọ́ tirẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ń dúró ní ọdún púpọ̀.

Àwọn olùkọ́ àti àgbà ìjọ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sá tọ̀ lóru bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ wọn, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 wí. Òfin náà de àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn. Ó pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tí ó mú ènìyàn sọ fún un pé ó lè dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni mìíràn tí ó bá yàn bá sọ̀rọ̀, àti pé Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin lè gba ẹjọ́ rẹ̀ rò lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ó bá yẹ. Bí a bá sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, a lè kọ ọ́ níwájú agbẹjọ́rò rẹ̀. Bí kò bá ní, níwájú òṣìṣẹ́ Àjọ náà, tàbí ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé òbí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lè béèrè kí a ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ náà tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan.